Ọmọ mi ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọmọ ọdún 16 ni ọmọkùnrin mi, SS2 ló wà níbí nílùú Ìbàdàn. Kì í ṣe olódo rárá. Àmọ́ aago márùn-ún ìdájí ló ń jí, láti ilé ìwé ló ń gba lẹ́sìnnì lọ, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a létí bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn ń wò ó. Ó ní inú ń run òun. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni inú yẹn ń run ún. Tó bá di Sátidé, kò sí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ tó sọ ló dùn mí jù: "Mọ́mì, bùrọ̀dá ti gboyè jáde láti ọdún 2021, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn. Kí ni mo wá ń kàwé fún?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló ń sọ.

WAEC rẹ̀ ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, JAMB náà wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n na án. Èmi ò gbà pé ọ̀rọ̀ ẹgba ni, ọkàn ọmọ náà ló ti rẹ̀.

Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ní lẹ́sìnnì ná? Ó tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n jẹ́ kóun máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe ní Sátidé, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tó bá tọ́ owó wò, ó parí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ṣe irú èyí rí, kí lẹ sọ fún un tó fi gbọ́?