Fídíò NASA ni mo lò, ilé-iṣẹ́ mìíràn ní tòun ni: ta ló ni àwòrán òfuurufú gan-an?

Ìràwọ̀Òwúrọ̀ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Mo máa ń ṣe fídíò kéékèèké fáwọn ọmọdé lórí ìràwọ̀, òṣùpá àti ìrìnàjò òfuurufú. Ohùn ara mi ni mo fi ń ṣàlàyé, mi ò kì í fi orin sí i rárá, torí mo mọ wàhálà tó wà nídìí orin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé èyí tó dá lórí Apollo 11, ìrìnàjò tó kọ́kọ́ gbé èèyàn dé orí òṣùpá, jáde. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí ìwé fi dé látọ̀dọ̀ àwọn tó ni ìkànnì tí mò ń lò: wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan sọ pé ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V ti ń gbéra nílẹ̀, tòun ni. Wọn ò pa fídíò mi rẹ́ o, àmọ́ owó ìpolówó tó bá wọlé lórí rẹ̀, àwọn ni yóò máa gbà á.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀dọ̀ NASA, àjọ òfuurufú ìjọba Amẹ́ríkà, fúnra wọn ni mo ti gba fídíò náà. July 16, 1969 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn gbéra. Ṣé ilé-iṣẹ́ yìí ló rán an lọ ni? Ẹ jọ̀ọ́, kí n jà á ni, àbí kí n gé ibẹ̀ kúrò kí n sinmi?

Ìbéèrè kejì, ọmọ kan tó ń wo fídíò mi ló bi mí, mi ò sì rí èsì fún un: tí èèyàn bá kọ orin nígbà tó wà lókè lọ́hùn-ún, tí kò sí lórí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè kankan, òfin ta ló ń dáàbò bo orin náà?

GéFídíò dáhùn pé:

Ẹ má gé nǹkan kan kúrò. Ẹ jà á.

Iṣẹ́ àtòpọ̀ fídíò ni mo fi ń jẹun, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí mi. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn á gba fídíò Saturn V lọ́dọ̀ NASA lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ̀yin náà ṣe gbà á. Wọ́n á fi sínú ètò wọn, wọ́n á wá gbé odidi ètò náà fún ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́, wọ́n á ní, "Tiwa ni gbogbo eléyìí, bá wa mú ẹnikẹ́ni tó bá lò ó." Ẹ̀rọ ò mọ èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tọrọ. Kó ṣáà ti rí ohun tó jọra ni. Ó rí Saturn V tiyín, ó rí Saturn V tó wà nínú ètò tiwọn, ó bá figbe ta.

NASA gan-an ò mórí bọ́. Ní August 2012 tí ọkọ̀ Curiosity balẹ̀ sórí Mars, wọ́n gbé fídíò ìbalẹ̀ náà sórí YouTube tiwọn, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rọ fi gbé e kúrò, torí ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan ti sọ pé òun ló ni ín. Ẹni tó gbé ọkọ̀ dé Mars ni wọ́n pè lólè fídíò ara ẹ̀! Wọ́n dá a padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Tó bá jẹ́ èmi tàbí ẹ̀yin ni, mi ò rò pé wọ́n á tètè dá wa lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹni tó ni ín, òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ kedere: iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ́píráìtì lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Owó orí ará ìlú ni wọ́n fi ra kámẹ́rà, òun náà ni wọ́n fi san owó oṣù ẹni tó gbé e dání. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kí gbogbo ìjọba ayé máa ṣe nìyẹn, kì í ṣe ti òfuurufú nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwòrán kan ṣe àpẹẹrẹ. Àwòrán ayé róbótó tí gbogbo wa mọ̀, tí ilẹ̀ Áfíríkà hàn nínú rẹ̀ ketekete, December 7, 1972 ni wọ́n yà á láti inú Apollo 17. Nọ́ńbà rẹ̀ ni AS17-148-22727. Nínú ojúlówó rẹ̀, òkè ni Antarctica wà. Wọ́n yí i po ni kó tó rí bí a ṣe ń rí i lóde. Hasselblad ni kámẹ́rà tí wọ́n fi yà á. Ta ló tẹ̀ ẹ́ nínú Cernan, Evans àti Schmitt, àwọn mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ náà? Títí dòní, àríyànjiyàn ṣì wà lórí ẹ̀, NASA sì kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun nìkan ló yà á, ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì wá ń sọ pé tòun ni.

Torí náà, ẹ wá nọ́ńbà fídíò yín tàbí ojú-ìwé tí ẹ ti gbà á lọ́dọ̀ NASA. Ẹ kọ ọ́ sínú àtakò yín: iṣẹ́ NASA ni, ibi tí mo ti gbà á nìyí, kò sí nínú ohun tí ilé-iṣẹ́ yìí fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Kó má gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má bú wọn o, bó ti wù kó dùn yín tó.

Amòfin_Àṣálẹ́ dáhùn pé:

Òótọ́ ni GéFídíò sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi àmọ́ràn díẹ̀ kún un kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gbogbo ohun tó bá ti wà lórí ìkànnì NASA ni èèyàn lè kó lọ. Àwọn àwòrán kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àmì NASA, ìyẹn róbótó aláwọ̀ búlúù yẹn, kì í ṣe ohun tí a kàn ń lẹ̀ mọ́ ọjà tàbí ìkànnì ẹni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú arìnrìn-àjò òfuurufú: ẹ kò gbọ́dọ̀ fi polówó ọjà bí ẹni pé ó fọwọ́ sí i.

Ti ESA, àjọ àwọn ará Yúróòpù, tún yàtọ̀. Wọ́n ní kọ́píráìtì, àmọ́ wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ sábẹ́ Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tó jẹ́ kí ẹlòmíràn lè lo iṣẹ́ ẹni bó bá tẹ̀ lé ohun tí a kọ sílẹ̀. Àwọn kan, kí ẹ ṣáà kọ orúkọ wọn síbẹ̀ ti tó. Fún àwọn mìíràn, ohun tí ẹ bá fi ṣe, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ kan náà. Ẹ máa ka ohun tó wà lábẹ́ àwòrán kí ẹ tó gbé e.

Ó wá ku ìbéèrè ọmọ yẹn, ọmọ tó gbọ́n ni! Àdéhùn òfuurufú ti 1967 sọ pé orílẹ̀-èdè kankan kò lè gba òṣùpá tàbí òfuurufú ṣe tirẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ tí orílẹ̀-èdè kan bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àṣẹ orílẹ̀-èdè náà. Ní ti ISS, ibùdó òfuurufú tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ni, àdéhùn 1998 ṣàlàyé rẹ̀ síwájú sí i. Yàrá yàrá ni ibùdó yẹn: Destiny jẹ́ ti Amẹ́ríkà, Kibo ti Japan, Zvezda ti Rọ́ṣíà, Columbus ti Yúróòpù. Ní ọ̀rọ̀ ohun tí èèyàn bá fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe, a ó kà á sí pé ilẹ̀ ẹni tó ni yàrá náà ni ó ti ṣe é. Kò kan ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. ISS ń yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, ta ló fẹ́ máa ka ẹnubodè? Tí èèyàn bá wá bẹ̀rẹ̀ orin ní Kibo tó parí rẹ̀ ní Destiny, àwa amòfin rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Chris Hadfield, arìnrìn-àjò òfuurufú ará Kánádà. Ní May 2013, ó gbé fídíò jáde níbi tó ti ń kọ orin kan ti David Bowie, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì, nínú ISS, tòun ti gìtá. Ó ti gba àṣẹ o, àmọ́ ọdún kan péré ni àṣẹ náà. Nígbà tó di May 2014, fídíò kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. November ọdún náà ló tó padà lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àdéhùn mìíràn. Bowie alára ò bá a jà. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin náà ni àṣẹ wà. Ibi yòówù kó ti kọrin, gbàrà tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, òfin ayé ti dé bá a.

Ọmọ_Dátà dáhùn pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Gbogbo kọ́píráìtì yìí, ọgbọ́n olówó ni lójú tèmi. Ohun tó bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ti gbogbo wa. Ìrìnàjò òfuurufú gan-an, kí ló kàn wá níbẹ̀? Dennis Tito, olówó ará Amẹ́ríkà kan, san nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ síbẹ̀ ní 2001, ṣé ó bá ẹnì kankan nínú wa bọ̀?

GéFídíò dáhùn pé:

Àbúrò, GPS tó wà lórí fóònù rẹ, tó ń fi ibi tí o wà hàn ọ́, sátẹ́láìtì ìjọba Amẹ́ríkà ló ń bá a sọ̀rọ̀ láti nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè. O ò san kọ́bọ̀ fún wọn rí. Ohun tó kàn ọ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ti pé ohun tó bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ti gbogbo wa, mi ò gbà fún ọ. Odidi òru ni mo lè fi to fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí o bá gbé e sórí ìkànnì tìrẹ láìdárúkọ mi, èmi náà á figbe ta ju ẹ̀rọ yẹn lọ. Kí onílé gba ilé ẹ̀, kò burú; ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé onílé ni mò ń bá jà.

Ìràwọ̀Òwúrọ̀ dáhùn pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ àtakò náà, ìlà mẹ́ta péré, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ ti yàrá Kibo fún ọmọ yẹn. Ó ní tó bá jẹ́ pé àárín yàrá méjì ni èèyàn dúró sí ńkọ́. Mo ní kó lọ sùn.

Ọ̀kan ló kù. Fídíò tó kàn, mo fẹ́ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ayé òde òní sí i. Ṣé mo lè lo àwòrán SpaceX bí mo ṣe ń lo ti NASA?

GéFídíò dáhùn pé:

Rárá o, ilé-iṣẹ́ aládàáni nìyẹn. Ní 2015 wọ́n fi àwòrán wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé láìsí òfin kankan, inú wa dùn nígbà náà. Nígbà tó yá wọ́n yí i padà, wọ́n ní kí á má fi ṣòwò. Ẹ̀yin sì ń gba owó ìpolówó. Ẹ lo ti Artemis I, ìrìnàjò NASA sí òṣùpá, èyí tó gbéra ní November 16, 2022. Àwọn fọ́tògíráfà NASA ya àwòrán rẹ̀ dáadáa, alẹ́ ló gbéra, iná rẹ̀ á dùn ún wò fáwọn ọmọ. Ẹ ṣáà wo abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan kó jẹ́ NASA ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ pa mọ́ kí ẹ tó gbé fídíò jáde.