Owó àga tí káńsù ò san: ta ni ká mú?

Honorébù Alága
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kánsẹ́lọ̀ ni mí, sáà wa ku oṣù márùn-ún. Ìdajì-ìdajì lowó oṣù ń wọlé, owó àga, ìyẹn owó tí wọ́n ń fún wa ra àga sílé, ò tiẹ̀ tíì yọjú rárá. Mo sì ti fojú sí owó yẹn gba àga àwìn lọ́wọ́ káfíńtà ìkóríta wa. Gbogbo Sátidé ló ń wá. Á jókòó sórí àga yẹn gan-an, á máa fọwọ́ pa á lápá, á ní, "Honorébù, igi yìí mà dáa o." Kò ní dárúkọ owó. Mo bá alága káńsù sọ ọ́, ó ní kí n lọ bá tíréṣọ̀. Tíréṣọ̀ ní owó ò tíì sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, alága fi ẹ́ńfílóòpù ránṣẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ló wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n gbà á? Àbí NULGE, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ káńsù, lè bá wa dá sí i?

Bàbá Fáọ́ṣà
Honorébù, ìdí owó káńsù ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni NULGE, wọn ò lè jà fún yín; ìbò lẹ fi wọlé. Kì í sì í ṣe alága ló ń bu iye tó tọ́ sí yín. RMAFC, àjọ ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá, ló ń là á sílẹ̀, ó wà nínú òfin 2002 tí wọ́n tún ṣe ní 2008: owó àga yín jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù ọdún kan, láìka àjẹmọ́nú mọ́ ọn. Àpò àjọni pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ló ń fa ìjàngbọ̀n. Wọ́n á yọ ti olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ ti àwa arúgbó, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni káńsù ń rí. Ní 11 July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kí owó káńsù máa lọ bá káńsù tààrà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ó ti ń dé bí?

Ẹ́ńfílóòpù yẹn, ẹ ní kí wọ́n kọ fáọ́ṣà rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Bí kò bá sí fáọ́ṣà, ẹ̀bùn ni. Kí gbogbo yín buwọ́ lu lẹ́tà kan, kí ẹ gbé e gba ọwọ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ yín, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Sáà ò gbọdọ̀ parí kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Ọmọ Mẹ́sìọ̀gọ̀
Kóòtù ńkọ́? Àwọn alága àti kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn l'Ọ́yọ̀ọ́ ní 2018, ọjọ́ tí gómìnà tuntun gorí àlééfà, 29 May 2019, ni wọ́n ní kí wọ́n máa relé. Ní 7 May 2021, tí sáà wọn ku ọjọ́ díẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kí wọ́n san owó wọn pé. Síbẹ̀, wọ́n tún padà sí kóòtù kí báńkì lè yọ ọ́ fún wọn nínú àkáǹtì ìjọba. T'Èkìtì náà ńkọ́? Wọ́n lé wọn ní 2010, ìdájọ́ jáde ní December 2016. Ṣé káfíńtà yín lè dúró ọdún mẹ́fà?

Ìyá Ẹlẹ́kọ
Ẹ gbé ogójì yẹn fún káfíńtà jàre.

Honorébù Alága
Ẹ ṣé, Bàbá. Mo béèrè fáọ́ṣà, ọmọ tó gbé ẹ́ńfílóòpù wá rẹ́rìn-ín, ó gbé e padà. Àwa mẹ́jọ nínú mẹ́wàá la buwọ́ lu lẹ́tà, òǹtẹ̀ sì ti wà lórí ẹ̀dà mi. Káfíńtà wá lánàá. Ó gbé àga ẹlẹ́nìkan kan lọ, ó ní òun á bá mi tọ́jú ẹ̀.