Ọmọ mi tó jẹ́ wẹ́dà fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lórí ríìgì epo: ṣé kí n san owó tí ejẹ́ǹtì béèrè?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ìyá Aláṣọ, Tàkíè, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ àkọ́bí mi ọkùnrin ni mo gbé wá síwájú yín. Ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó yege nínú ìdánwò WAEC, ó sì kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Arówómọ́lé títí ó fi gba fírídọ̀mù. Géètì, fèrèsé àti àgọ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní báyìí, ó ti pinnu pé ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ni òun fẹ́ lọ.

Ẹnì kan tí wọ́n fi mọ̀ wá sọ pé òun lè fi í wọlé gẹ́gẹ́ bí roustabout, èyí tí mo gbọ́ pé ó jẹ́ ipò tó kéré jù lọ lórí ríìgì, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga náà. Owó tó béèrè fún fọ́ọ̀mù, àyẹ̀wò ara àti ìwé ẹ̀rí ààbò pọ̀ tó ohun tí wọ́n fi ń ra ọ̀kadà tuntun, ó sì ní kí a san án kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ó fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, orúkọ ilé-iṣẹ́ epo òkèèrè ńlá kan ló wà lórí rẹ̀, ó sì ní wọn kò ní fi ọ̀rọ̀ wá ọmọ náà lẹ́nu wò rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, owó náà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò sì fọwọ́ sí i, nítorí ó ní ibẹ̀ léwu.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí wọ́n ṣe ń wọ iṣẹ́ náà nìyí? Kí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe níbẹ̀? Kí ni ọmọ náà lè ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó kúrò nílé?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Bàbá Agbẹjọ́rò, Ọ̀yọ́

Ìyá Aláṣọ, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni yẹn.

Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa kó òṣìṣẹ́ jọ fún ilé-iṣẹ́ láìjẹ́ pé ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ. Ẹ ní kí ó fi ìwé àṣẹ tó gbà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ hàn yín, ẹ sì bi í léèrè orúkọ tó fi forúkọ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè wo ìyẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo àdírẹ́sì ímeèlì tó wà nínú lẹ́tà náà pẹ̀lú: bí ó bá jẹ́ Gmail lásán ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Ní pàtàkì jù lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà fi NIN, BVN tàbí ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, nítorí ohun tí gbájúẹ̀ lè fi wọ̀nyẹn ṣe lè burú ju owó àjọ yín lọ.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Warri

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá mi. Orí ríìgì tó ń ṣiṣẹ́ nínú àbàtà ni mo wà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní bọ́ sọ́wọ́ irú ẹni tó wá bá yín.

Àwọn ilé-iṣẹ́ epo tí orúkọ wọn ń dún kiri kì í sábà ní ríìgì ti ara wọn. Ńṣe ni wọ́n ń háyà rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbaṣẹ́ṣe tó jẹ́ pé kànga gbígbẹ́ nìkan ni wọ́n mọ̀, àwọn agbaṣẹ́ṣe wọ̀nyí, tàbí àwọn tó ń bá wọn pèsè òṣìṣẹ́, ló sì ń gba roustabout. Lẹ́tà tó bá wá sọ pé ilé-iṣẹ́ epo òkèèrè fúnra rẹ̀ ló fẹ́ gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti yẹ kó fu yín lára kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn tilẹ̀ ti ta àwọn ibi tí wọ́n ti ń wa epo lórí ilẹ̀ àti nínú omi tí kò jìn: lọ́dún 2024, Eni ta tirẹ̀ fún Oando, ExxonMobil sì ta tirẹ̀ fún Seplat, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2025, Shell náà ta ti orí ilẹ̀ fún Renaissance. Orúkọ tí àwọn ejẹ́ǹtì ń pè fún wa nílé kì í sábà jẹ́ orúkọ ẹni tó ń gbani síṣẹ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ gbọ́. Òfin tí ìjọba ṣe lọ́dún 2010 láti gbé ọmọ Nàìjíríà ga nínú iṣẹ́ epo sọ ní abala 35 pé ọmọ Nàìjíríà nìkan ni kí wọ́n máa gbà sí ipò kékeré àti ipò àárín. Èyí dára fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí ilé-iṣẹ́ máa ní iye òṣìṣẹ́ tó bójú mu láti agbègbè tó ti ń ṣiṣẹ́, ohun tó sì ń ti inú rẹ̀ jáde ni pé ipò tí kò bá béèrè iṣẹ́ ọwọ́ kankan, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń lọ. Àwọn aṣáájú ìlú wọn ló ń fi orúkọ ránṣẹ́. Ní tèmi, mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí oko àti odò wọn ni epo ń bà jẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti rí i ní Oloibiri lọ́dún 1956. Ọmọ tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ lọ́wọ́ òfo ń du ohun tí wọ́n ti pín fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn kò rí ẹni ṣe nítòsí ló lè mú kí wọ́n ránṣẹ́ pe ará ọ̀nà jíjìn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé iṣẹ́ wẹ́dà tí ọmọ yín kọ́ wúlò fún un ju fọ́ọ̀mù roustabout lọ.

Ẹ béèrè ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bá kó ẹrù dé, roustabout ló ń so ẹrù mọ́ ìkọ́ kíréènì, tó sì ń fi okùn darí rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán títí yóò fi balẹ̀, láìjẹ́ kí ara rẹ̀ bọ́ sábẹ́ ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun ló ń ha ìpẹtà, tó ń kun ọ̀dà, tó ń fọ epo kúrò nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ̀ ṣubú, òun náà ló sì ń gbé àpò báráìtì àti bẹ́ńtónáìtì, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta àti amọ̀, lọ síbi tí wọ́n ti ń po ẹrẹ̀ tí wọ́n ń tú sínú kànga. Ẹrẹ̀ yìí ló ń kó èérún àpáta jáde láti ìsàlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ ló sì ń tẹ gáàsì àti epo mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa tú jáde lójijì. Bí ó bá ṣe dáadáa, wọ́n á gbé e lọ sídìí kànga gan-an gẹ́gẹ́ bí roughneck, níbi tí wọ́n ti ń so páìpù mọ́ páìpù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti derrickman tó ń ṣiṣẹ́ lókè téńté, kí ó tó kan driller tó ń darí ẹ̀rọ. Wákàtí méjìlá ni iṣẹ́ lójúmọ́, ọ̀sán tàbí òru. Èèyàn lè lo ọjọ́ mẹ́rìnlá tàbí méjìdínlọ́gbọ̀n níbẹ̀, kó tó wálé fún iye ọjọ́ kan náà.

Ẹ̀rù tó ń ba bàbá ọmọ kì í ṣe lásán. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2010, ríìgì Deepwater Horizon gbiná ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ mọ́kànlá sì kú. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe fún gbogbo òṣìṣẹ́ láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró bí ó bá rí ewu, ìbáà ṣe roustabout tó dé lánàá. Wọn kì í gba ọtí láyè níbẹ̀ rárá, ẹni tí wọ́n bá sì rí igbó nínú ìtọ̀ rẹ̀, ilé ni yóò bá ara rẹ̀.

Kí ọmọ náà forúkọ sílẹ̀ lórí NOGIC JQS, ìyẹn ibi ìforúkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ epo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó jẹ́ ti NCDMB, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin ọdún 2010 yẹn, ní Yenagoa. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe àwọn tó ń fọwọ́ kan páìpù nìkan ló wà níbẹ̀. Ọkọ mi ń se oúnjẹ lórí ríìgì, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó oúnjẹ àti ìmọ́tótó ló sì gbà á, kì í ṣe àwọn tó ń gbẹ́ kànga. Ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa oúnjẹ sísè àti ìrírí rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n wò.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Wẹ́dà, Owódé, Ọ̀yọ́

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín nípa iṣẹ́ tèmi. Ẹni tó ń jó géètì kò tíì ní ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀, bó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ dán tó. Irin géètì kò nípọn, a lè yí i síbi tó bá rọ̀ wá lọ́rùn, bí ojú jíjó náà bá sì ní ihò díẹ̀, ọ̀dà ni yóò bò ó. Páìpù tí epo tàbí gáàsì ń gbà kọjá kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ihò kékeré kan lè pa èèyàn.

Ìdánwò tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ yege ni wọ́n ń pè ní 6G. Wọ́n á gbé páìpù méjì sórí ìdúró, wọ́n á dà á sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 45, wọ́n á sì dè é pa. Kò gbọdọ̀ yí i. Òun ni yóò yí ara rẹ̀ ká páìpù náà, yóò jó abẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti òkè rẹ̀, ojú jíjó náà yóò sì dọ́gba yí po. Ìpele àkọ́kọ́ tó wà nínú lọ́hùn-ún ló le jù, ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá tí a fi ń jó irin) 6010 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, wọ́n á sì fi 7018 bò ó lórí, kì í ṣe èyí tí a fi ń jó fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kọ̀rọ̀dọ̀ láti wò ó bóyá yóò là, tàbí kí wọ́n fi X-ray wo inú rẹ̀.

Bí mo bá wà ní ipò yín, ibẹ̀ ni n óò ná owó yẹn sí. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní páìpù jíjó, tí olùdánwò tí kì í ṣe olùkọ́ fúnra rẹ̀ sì ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Petroleum Training Institute tó wà ní Effurun, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ń kọ́ni ní iṣẹ́ wẹ́dà. Kí ó tó lọ, kí ó ṣe ìdánwò trade test ti ìjọba àpapọ̀ níbí, kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣófo. Bí ríìgì kò bá tilẹ̀ tètè ṣí, àwọn ibi tí wọ́n ti ń kan táǹkì àti páìpù ní Port Harcourt, Onne àti Èkó ń wá irú wọn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ti ń rí ìrírí tí wọ́n fi ń dé orí omi.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Onímọ́tò Omi, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Àwa tí a ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún omi nílùú yìí náà ń lo ríìgì. Lóòótọ́, orí àpáta ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà, afẹ́fẹ́ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ la fi ń gbẹ́ ẹ dípò ẹrẹ̀, mítà mélòó kan la sì ń lọ níbi tí àwọn elépo ti ń lọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Síbẹ̀, ọmọ tó bá bá wa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ yóò mọ bí a ṣe ń so páìpù, bí a ṣe ń yẹra fún ohun tó ń yí, àti bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ níbi tí ariwo ẹ̀rọ ti pọ̀. Ó lè kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ láìparọ́. Ẹ rán an wá.

Ìyá Aláṣọ, Tàkíè, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti sọ fún ọkùnrin náà pé kó mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá, kò sì tíì dáhùn. Ó ku ohun kan ṣoṣo: ìwé ẹ̀rí ààbò tó ń sọ yẹn, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń béèrè rẹ̀? Ọmọ mi kò mọ omi wẹ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Warri

Òótọ́ ni, ìyá mi, ṣùgbọ́n kò tíì tó àkókò. Ẹni tí yóò bá lọ sórí omi ní láti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ààbò tí wọ́n ń pè ní BOSIET, tàbí T-BOSIET tó wà fún ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ọdún mẹ́rin péré ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí ẹ bá san owó rẹ̀ lónìí tí ọmọ náà sì jókòó sílé, ẹ̀ ń jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ máa sá lọ lásán. Kí ó ní 6G lọ́wọ́, kí agbaṣẹ́ṣe kan sì ti pè é, kó tó ṣe é. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń san án fún òṣìṣẹ́ wọn.

Apá tó ń ba èèyàn lẹ́rù níbẹ̀ ni ti bí èèyàn ṣe ń jáde nínú hẹlikọ́pítà tó bá já sínú omi. Wọ́n á fi bẹ́líìtì de ọmọ náà mọ́ àga nínú àpótí tó dà bí inú hẹlikọ́pítà, wọ́n á sọ àpótí náà kalẹ̀ sínú omi, wọ́n á sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọwọ́ kan yóò wà lára fèrèsé, èkejì lára bẹ́líìtì. Yóò dúró títí àpótí náà yóò fi dẹ́kun yíyí, yóò ti fèrèsé síta, lẹ́yìn náà ni yóò tú bẹ́líìtì, kó tó jáde sókè. Àwọn òmùwẹ̀ wà nínú omi tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Kò di dandan kó jẹ́ òmùwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń já nínú omi yóò jìyà níbẹ̀, nítorí náà kí ó lọ kọ́ ọ ní odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì tí olùkọ́ wà, kì í ṣe nínú odò ìgbẹ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH tàbí ti Bowen, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, àti ojú rẹ̀ bóyá ó ń dá àwọ̀ mọ̀ dáadáa, àti ìfúnpá rẹ̀. Àyẹ̀wò ara wà lára ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ padà lẹ́yìn tí wọ́n ti náwó tán, bí dókítà bá sì rí nǹkan kan, ẹ ó ti mọ̀ kí ẹ tó san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan.