Orin tó gbẹnu sọ fún ìyá mi

Ẹ̀yin ará ilé, Òkun o, bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa. Ẹnìkan bèèrè lánàá pé orin wo ló yí nǹkan padà nílé yín. Tèmi kì í ṣe orin ìjọsìn, kì í sì í ṣe orin òkú àgbà. Orin Sunny Adé àti Onyeka Onwenu ni, "Wait for Me", tó jáde lọ́dún 1989.

Ìsánlú la wà nígbà náà. Abẹ́ Kwara la ṣì wà, wọn ò tíì dá Kogi sílẹ̀ àfi ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ó sì fẹ́ràn Sunny ju oúnjẹ lọ. Bí bátìrì rédíò bá ti ń kú lọ, á tò wọ́n sórí páànù kí oòrùn pa wọ́n, kí wọ́n lè tún lágbára díẹ̀ lálẹ́. Rédíò yẹn náà ló gbọ́ lọ́dún 1988 pé ìjọba Babangida ń fẹ́ kí obìnrin fi ọmọ bíbí mọ sórí mẹ́rin. Ó pòṣé. Ó ní, "Ṣé ìjọba ló ń bá mi kọ ebè tí mo fi ń bọ́ wọn ni?" Ó pa rédíò.

Ọmọ mẹ́fà ni ìyá mi ti bí. Nígbà tó bí ìkẹfà, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ débi pé àwọn kan ti ń sọ ẹni tó máa gba ọmọ tọ́. Lẹ́yìn náà ló yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan láti bèèrè nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Nọ́ọ̀sì ní àfi kí ọkọ rẹ̀ wá fọwọ́ sí ìwé. Ó pọn ọmọ padà wálé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ì bá sọ fún? Obìnrin ilé wa kì í wojú ọkọ kó ní òun ò fẹ́ lóyún báyìí.

Ìgbà náà ni kásẹ́ẹ̀tì wọlé. Bàbá mi rà á nítorí Sunny, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Wait for Me" ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ra sọ̀rọ̀ sùúrù, orin mìíràn nínú rẹ̀, "Choices", sì ń bá tọkọtaya sọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àwọn ará Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń gún iyán, ó dá ọmọ odó dúró, ó bi mí pé, "Kí ni obìnrin yẹn ń bẹ Sunny fún?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Mo rò ó, mo ní, "Ó ní kó ní sùúrù fún òun."

Ìyá mi wò mí. "Sunny wá gbà?"

Mo ní ó gbà, àwọn méjèèjì ló jọ ń kọ ọ́.

Ọmọ odó tún sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n orin ti bọ́ sí i: ní sùúrù fún mi, ní sùúrù fún mi.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ń gbálẹ̀, orin ni. Bó bá ń gbé abọ́ kalẹ̀ fún bàbá mi, orin ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agbo ilé, ẹ mọ̀ ọ́n: ohun tí ìyàwó ilé bá fẹnu sọ, wọ́n á ní ó yájú, ṣùgbọ́n èyí tó bá fi kọrin, ta ni yóò pè é lẹ́jọ́ sí? Lálẹ́ ọjọ́ kan bàbá mi ní, "Orin yìí, ta lò ń kọ ọ́ fún?" Ó ní, "Sunny ni mò ń bá gbè." Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí òkèlè fi fẹ́ há a lọ́fun. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi fọwọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé náà. Ọdún márùn-ún gbáko ló kọjá kí wọ́n tó bí àbígbẹ̀yìn wa, àwọn méjèèjì ló sì jọ fẹnu kò sí i.

Mi ò sọ pé orin nìkan ló ṣe é o. Ọ̀wọ́n gógó ìgbà SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba Babangida, ti ń já bàbá mi láyà. Ṣùgbọ́n ìjọba sọ̀rọ̀, ó pa rédíò. Sunny kọrin, kò lè pa á.

*Láti Kàbà:*
Òkun o, ẹ̀gbọ́n mi. Orin yẹn náà ni ọmọbìnrin kan fi dá mi lóhùn lọ́dún 1990. Mo ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ká tètè ṣègbéyàwó, òun sì fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Kò bá mi jà, ó kàn ní kí n lọ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. Inú bí mi púpọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo dúró. Òun ni ìyá àwọn ọmọ mi.

*Láti Mọ́pà:*
Mo kí ẹ̀yin àgbà. Níbi ìgbéyàwó mi, DJ ń ṣe orin owó, wọ́n ń ná owó fún wa lójú agbo. Ìyá mi àgbà fà mí létí, ó bèèrè ohun tí ọmọ tó ń kọrin náà ń wí. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Nígbà tiwa, oko ni ọkọ ń wá bá bàbá wa ro. A máa ń fojú rí bí apá rẹ̀ ṣe le tó. Owó yìí, ta ló mọ ibi tó ti wá?" Ó dìde bá mi jó, nítorí ọmọ rẹ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n kò gbe orin náà.

*Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:*
Ẹ ṣé o. Ẹni tó bèèrè bóyá ìyá mi ṣì wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Bàbá ti lọ. Nígbà tí Onyeka kú ní oṣù Keje ọdún 2024, mo fi fóònù ṣe orin náà fún un. Ó ní kí n tún un ṣe. Títí di òní, kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un nídìí odó ló ṣì ń kọ, ó ń fọwọ́ lu itan: ní sùúrù fún mi.