Mótò iná Amẹ́ríkà tó ń lọ rin ẹ̀gẹ́ ní Kétu: eré bẹ́líìtì ńkọ́?

Ọmọ Kétu, Atlanta
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mótò iná 2 HP (agbára ẹṣin méjì) kan ń lọ sí Kétu ní Benin, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni yóò máa yí. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé 230 V, 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìyípo 1750 ní ìṣẹ́jú kan. Púlì mótò 100 mm, ti ẹ̀rọ 200 mm, bẹ́líìtì A (A ni orúkọ ìwọ̀n rẹ̀). Ìṣirò mi: ìlù ẹ̀rọ (àgbá tó ń rin ẹ̀gẹ́) á máa yí nígbà 875 ní ìṣẹ́jú kan, eré bẹ́líìtì á jẹ́ mítà 18.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣé ó tọ̀nà?

Onírin, Lyon
875 tọ̀nà, 18.3 ni kò tọ̀nà. Ìdábùú púlì ńlá lẹ mú, ìyípo mótò lẹ wá fi sọ ọ́ di púpọ̀. Púlì kọ̀ọ̀kan àti ìyípo tirẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ sọ mm di mítà:

3.1416 × 0.1 × 1750 ÷ 60 = 9.2

Ẹ fi púlì ńlá dán an wò, 3.1416 × 0.2 × 875 ÷ 60. 9.2 náà ni. Bẹ́líìtì kan kì í sá eré méjì. Bí ìdáhùn méjèèjì bá yàtọ̀, àṣìṣe ti wọ̀ ọ́.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́, Montréal
Ẹ̀gbọ́n, Atlanta ni 1750 yẹn ti ṣeé ṣe o. Iná SBEE (ilé-iṣẹ́ iná Benin) ní Kétu, 50 Hz ni. Mótò á wálẹ̀ sí nǹkan bí 1450, ìlù á di 725, bẹ́líìtì á di 7.6.

Èyí tó tún burú jù ni ooru. Mótò 230 V tí wọ́n ṣe fún 60 Hz, nǹkan bí 192 V ló yẹ kó máa jẹ ní 50 Hz. Bó bá ń jẹ 220, á máa gbóná kọjá àlà, wáyà inú rẹ̀ á sì jó. Bí wọn ò bá kọ 50/60 Hz sí i lára, ẹ má wulẹ̀ fi ránṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ Àjàṣẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti wọn 100 mm yẹn? Bó bá jẹ́ láti etí dé etí, ẹ yọ 5.5 mm kúrò nínú púlì kọ̀ọ̀kan fún bẹ́líìtì A, torí bẹ́líìtì kì í gun etí, inú ojú ihò tó yí púlì ká ló ń jókòó sí. 94.5 àti 194.5 ló kù. Ní 1450, ìlù á máa yí nígbà 704, bẹ́líìtì á máa sá 7.2. Púlì mótò 120 mm etí dé etí á gbé ìlù lọ sí nǹkan bí 854, ṣùgbọ́n mótò tí ooru ti ń dà láàmú kọ́ lẹ ó gbé ẹrù yẹn lé.

Lọ́jà níbí, courroie (bẹ́líìtì lédè Faransé) ni kí ẹ béèrè, ẹ sì sọ pé A, kí wọ́n má baà fún yín ní B. A fẹ̀ tó 13 mm, B 17.

Ọmọ Kétu, Atlanta
Ẹ ṣé gan-an. Mo dá mótò náà dúró. Ẹ̀rọ pẹtiróòlù tó ń yí nígbà 3600 ní ìṣẹ́jú kan ńkọ́, pẹ̀lú púlì 150 mm?

Onírin, Lyon
Mítà 28.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. 30 ni òpin eré irú bẹ́líìtì yìí, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé bèbè. Ẹ lo 80 mm.

Ilé-iṣẹ́ Àjàṣẹ́
Ìlù á ju 1,300 lọ pẹ̀lú 80 yẹn, àfi kí púlì ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ tóbi sí i.

Ẹ yẹ eré rẹ̀ wò lórí ẹ̀rọ: ẹ fi ẹfun sàmì sí bẹ́líìtì, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀, ẹ dín eré fídíò kù, kí ẹ ka ìgbà tí àmì kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí bẹ́líìtì bá gùn tó mítà 1.4, tó sì kọjá nígbà 51, 1.4 × 51 ÷ 10, 7.1 nìyẹn. Bó bá kéré púpọ̀ sí ìṣirò, ó ń yọ̀. Omi ẹ̀gẹ́ ló sábà máa ń fà á, tàbí kí bẹ́líìtì ti jẹ débi tó fi kan ìsàlẹ̀ ojú ihò. Ara ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló yẹ kó máa gbá mú. Ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀ nígbà tí mótò bá dúró: láàárín púlì tó jìnnà síra ní 45 cm, kó tẹ̀ tó 7 mm. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́rìnì ló máa kọ́kọ́ lọ.