Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: orúnkún màmá mi wú, ata ilẹ̀ pupa ò sì ràn án

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́níyà: Ẹ kú ilé o. Orúkún ọ̀tún màmá mi wú, ó ń gbóná janjan. Wọn ò lè forí kanlẹ̀ kírun mọ́, orí àga ni wọ́n ti ń kí i. Làkúrègbé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Mo ra ata ilẹ̀ pupa ní Bódìjà, mo gún un pọ̀ mọ́ ata ilẹ̀ funfun, aáyù àti kànáfùrù, mo sè é kó ki dáadáa. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ò ṣe ju kó máa ráhùn pé àwọ̀ rẹ̀ ń ba ife òun jẹ́! Èmi ni mo ń náwó, òun ló ń fajú ro. Wíwú náà kọ́kọ́ fà, ó tún padà wá le sí i. Ṣé kí n fi kún un ni, àbí kí n ra oníkápúsù?

Ìyá Ìbejì: Fi iyèré kún un, àbúrò. Curcumin tó wà nínú ata ilẹ̀ pupa kì í tètè wọnú ara, piperine inú iyèré ló ń bá a ṣí ọ̀nà. Lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì, ẹ̀yìn mi ò ṣe é nà. Ọbẹ̀ ẹja títù tó kún fún iyèré àti ẹ̀fínrín ni ìyá ọkọ mi fi ń bọ́ mi títí ara fi yá.

Ọmọ Òṣogbo: Ẹja títù yẹn dáa, ọ̀rá inú rẹ̀ wúlò fún oríkèé. Ṣùgbọ́n curcumin inú ata ilẹ̀ pupa ò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lọ. Ọmọ ọdún mélòó ni màmá? Oògùn wo ni wọ́n ń lò?

Bàbá Kẹ́hìndé: Orúnkún kan ṣoṣo, ó wú, ó gbóná, ẹ wá ń se àgbo! Àrùn oríkèé tí wọ́n ń pè ní gáòtù ni tèmi. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti bíà ni mo fi ń pa ara mi, tí mo sì ń mu aáyù lé e. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Ẹ gbé màmá lọ sọ́sibítù.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́níyà: Alhájà ni màmá mi, sà, wọn ò fẹnu kan bíà rí. Ẹ má sì sọ ọ́ bíi pé mi ò tọ́jú wọn. Ta ló ń ra gbogbo nǹkan wọ̀nyí?

Ìyá Ìbejì: Bàbá Kẹ́hìndé, àgbo ni àwọn bàbá wa fi gbó, kì í ṣe ọsibítù.

Bàbá Kẹ́hìndé: Àwọn bàbá wa a máa bi aláìsàn léèrè kí wọ́n tó já ewé.

Ọmọ Òṣogbo: Mo tún bèèrè o: oògùn wo ni màmá ń lò?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́níyà: Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àti hóró kékeré kan tí wọ́n fún wọn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dì sí wọn nítan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Warfarin ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Kò kan ti orúnkún. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé apá wọn ti ń dúdú káàkiri bíi ti ẹni tí wọ́n lù, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní èrìgì wọn tí wọ́n bá rin pákò. Kò dá mi lójú pé ìyàwó yẹn ń fún wọn lóúnjẹ gidi.

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àgbo yẹn dúró báyìí. Warfarin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ata ilẹ̀ méjèèjì, aáyù àti kànáfùrù tó ki tó báyẹn lè ràn án lọ́wọ́ kọjá ààlà. Lọ́dún 2018, Medsafe, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní New Zealand, kìlọ̀ nípa ẹnì kan tó ń lo warfarin: ó fi oògùn ata ilẹ̀ pupa kún un, INR rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn, sì fò kọjá 10. Àárín 2 sí 3 ló yẹ kí ti irú màmá wà. Ẹ̀jẹ̀ lè ti ya sínú oríkèé yẹn gan-an. Ẹ gbé wọn lọ lónìí, ẹ ní kí wọ́n yẹ INR wò. Ẹ má fún wọn ní oògùn ìrora ibuprofen tàbí diclofenac, ẹ má sì dá warfarin dúró fúnra yín. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí orí bá ń fọ́ wọn gidigidi, tàbí bí wọ́n bá ṣubú forí gbálẹ̀, ẹ má dúró wo nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì: Ha! Ẹ má fi iyèré kankan sí i o. Ṣé ti inú ọbẹ̀ náà léwu ni, nọ́ọ̀sì?

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Ìwọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, mà. Ti ẹ̀fọ́ ló yẹ ká ṣọ́: vitamin K inú tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro ń bá warfarin jà. Kí wọ́n máa jẹ ẹ́ níwọ̀n kan náà, kó má jẹ́ àjẹkì lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n má tọ́ ọ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́níyà: Ọsibítù ti ní kí wọ́n máa wá fún àyẹ̀wò yẹn lóṣooṣù, owó ọkọ̀ ni ò jẹ́ kí wọ́n lọ mọ́. Mo ti pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ń múra fún wọn. Ó ní òun ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ìtọ̀ wọn ń pupa. Òótọ́ ló sọ ọ́, àwọ̀ ata ilẹ̀ pupa ni èmi kà á sí.

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Ata ilẹ̀ pupa kì í sọ ìtọ̀ di pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ ti ìtọ̀ yẹn fún dókítà kó tó bi yín. Kí ìyàwó yín gbé ike àgbo náà dání, pẹ̀lú gbogbo páálí oògùn wọn. Ẹ pè mí lórí ìkànnì tí ẹ bá ti débẹ̀.