Ẹ wá sọ ìrírí yín: dídán irin rírọ̀ àti ike títí ojú wọn yóò fi máa gbé àwòrán bíi dígí

Onírin Pẹ̀lẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ògidì alumíníọ́mù ni mo ń dán. Mo ti fi sáńpépà fá a láti nọ́ńbà 400 dé 2000 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni horo pépà ṣe kéré tó), ó sì ti ń kọ mànà, ṣùgbọ́n àwọn tóótòòtó dúdú kan wà lójú rẹ̀ tí kò gbà láti kúrò. Ta ni ó ti bá irú rẹ̀ pàdé?

Akínrin: Horo ara sáńpépà ni ẹ ń rí. Silicon carbide, èyí tí wọ́n fi ṣe horo náà, le ju alumíníọ́mù lọ fíìfíì, nítorí náà, bí ẹ bá tẹ ọwọ́ mọ́ ọn jù, horo tí ó bá já kúrò lára pépà yóò rì sínú irin, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí. Èmi a máa fi àbẹ́là pa ojú pépà kí n tó fi kan irin, pàápàá bí pépà bá ṣì jẹ́ tuntun.

Adédòjé: Alumíníọ́mù ṣì láàánú. Mo dán òjé kan títí mo fi rí irùngbọ̀n mi nínú rẹ̀, inú mi sì dùn, àfi ìgbà tí mo fi ásíìdì kàn án láti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ìpele òkè jẹ kúrò, tí gbogbo ìlà tí mo rò pé ó ti pa rẹ́ sì tún yọjú. Òjé náà kò gé; ṣe ni ó nà bo ìlà mọ́lẹ̀.

Ṣé Lóòótọ́: Ẹ̀gbọ́n, bí irùngbọ̀n bá ti hàn, kí ni ásíìdì tún ń wá níbẹ̀?

Adédòjé: Àbúrò, ẹni tí yóò fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lè dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi máíkírósíkóòpù wo bí irin ṣe rí nínú kò lè gba ojú onírọ́. Mo ń dán an, mo ń fi ásíìdì jẹ ẹ́ díẹ̀, mo sì tún ń dán an títí ojú tòótọ́ yóò fi jáde.

Ìyá Bàbà: Bàbà ṣe mí bẹ́ẹ̀ gan-an! Mo rò pé èmi nìkan ni.

Aláike: Ti akírílíìkì, ike tí ó mọ́ gaara bíi dígí, tún yàtọ̀, nítorí pé ooru ni ọ̀tá rẹ̀: bí ó bá ti tó nǹkan bí 105°C, ó ń rọ̀, kẹ̀kẹ́ adánǹkan tí ó ń sáré jù yóò sì fà á ya dípò kí ó dán an. Etí rẹ̀ ni mo máa ń fi iná rà lẹ́rẹ̀ẹ́kan, ó sì ń mọ́ gaara.

Akínrin: Yíyọ́ nìyẹn, kì í ṣe dídán.

Aláike: Ọ̀gá, ojú tí ó gbé àwòrán ti dán nìyẹn.

Ṣé Lóòótọ́: Ẹ fi ọtí líle nu etí tí iná rà náà, kí ẹ wo bí yóò ṣe là wẹ́wẹ́.

Aláike: Mo gbà fún un yín níbẹ̀. Ọṣẹ àti omi nìkan ni mo fi ń nù ún.

Ìyá Bàbà: Onírin Pẹ̀lẹ́, ṣé ẹ ń fọ irin náà àti ọwọ́ yín kí ẹ tó bọ́ sórí nọ́ńbà tí ó kàn? Horo 400 kan ṣoṣo tó láti ba iṣẹ́ 2000 jẹ́.

Onírin Pẹ̀lẹ́: Irin ni mo ń fọ̀, mà. N kò ka ọwọ́ mọ́ ọn.